Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àtọ̀gbẹ: Ohun Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Máa Ṣe Nílé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn aláìsàn mi kì í yé bi mí: “Dókítà, ìgbà wo ni n óò lo oògùn yìí tán?” Ẹni tó ń béèrè ti lo oògùn ibà rí, ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bí àìsàn méjèèjì yìí bá ti dé, wọn kì í lọ mọ́. Kíkápá la ń kápá wọn, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá kápá wọn á ṣiṣẹ́, á jó níbi ìyàwó ọmọ rẹ̀, á sì di arúgbó. Ẹni tí kò bá kápá wọn, rọpárọsẹ̀, àrùn kíndìnrín, ojú fífọ́ àti ẹsẹ̀ gígé ni wọ́n máa ń yọrí sí.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro ni pé wọn kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. BP èèyàn, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, lè wà ní 190 kó jókòó níwájú mi kó máa rẹ́rìn-ín. Orí fífọ́ kì í ṣe ẹ̀rí: ọ̀pọ̀ ẹni tí orí ń fọ́, BP wọn dára, ọ̀pọ̀ ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, tiwọn ti lọ sókè pátápátá. Nítorí náà, “ara mi ti yá” kò tó ohun tí a ó fi dá oògùn dúró. Nọ́mbà ni ẹlẹ́rìí wa, ibẹ̀ sì la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ nọ́mbà yín

BP máa ń ní nọ́mbà méjì. Tòkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Tìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá sinmi kó tó tún lù. Bí ẹ bá rí 120/80 tàbí ohun tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ó dára. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ìwòsàn, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ ti wọ̀n ọ́n, 135/85 la fi ń dá a mọ̀, torí pé ọkàn èèyàn máa ń balẹ̀ nílé ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà lè gbọ́ pé 130/80 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni, àwọn dókítà ọkàn ibẹ̀ fà á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2017.

Tí ẹ bá ti ń lo oògùn, ohun tí a fẹ́ ni kó má tó 140/90. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, a sábà máa ń fẹ́ kó wálẹ̀ sí 130/80. Ẹ bi dókítà yín pé, “Mélòó lẹ fẹ́ kí tèmi jẹ́?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ṣúgà, ẹni tí kò jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tí kò sì yí padà, àtọ̀gbẹ ló ní. Láti 100 sí 125, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣì lè padà. Bí ẹnì kan bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó ń rù, tí a sì wọn ṣúgà rẹ̀ láìwo bóyá ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun, tó jẹ́ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í dúró de ọjọ́ kejì. Àyẹ̀wò tó ń jẹ́ HbA1c tún wà. Ó máa ń sọ bí ṣúgà yín ṣe ṣe láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ààwẹ̀ ọjọ́ méjì tàn án jẹ. Bí ó bá jẹ́ 6.5% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtọ̀gbẹ ni. Àmọ́ bí jẹ́nótáìpù yín bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ tètè sọ fún wa, àyẹ̀wò yìí lè sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ lára yín.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí ẹ̀rọ ṣúgà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀, mmol/L, yàtọ̀ sí tiwa. Màmá á rí 9 lórí ẹ̀rọ, á sọ pé ṣúgà òun ti lọ sílẹ̀ jù, á mu mọ́ọ́tì. 9 yẹn kò kéré. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀: 162 ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn BP bó ṣe yẹ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí pé BP tí a kò wọ̀n dáadáa ń mú kí àwa dókítà fi oògùn kún oògùn láìnídìí, tàbí kí a fi ẹni tó nílò oògùn sílẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ kì í sábà péye. Kí aṣọ tí ẹ ń wé náà bá apá yín mu: bí apá bá tóbi tí aṣọ sì kéré, nọ́mbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ìyá wa tí apá wọn tóbi díẹ̀, ẹ béèrè fún aṣọ ńlá nílé oògùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ gbé e wá sí kílíníìkì lẹ́ẹ̀kan kí a fi í wéra pẹ̀lú tiwa.

Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má mu kọfí, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu sìgá, ẹ má gun àtẹ̀gùn. Obì ń gbé BP sókè díẹ̀ bíi ti kọfí, ohun kan náà ló wà nínú wọn. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹ fi ẹ̀yìn tì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ó wà ní déédéé àyà. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù.

Ẹ bọ́ apá aṣọ kúrò. Mo ti rí i tí wọ́n wé e lé orí bùbá, mo sì ti rí i tí wọ́n ká apá bùbá sókè títí ó fi fún apá bí okùn. Méjèèjì ń ba nọ́mbà jẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wọn apá ọ̀tún àti apá òsì, apá tí nọ́mbà rẹ̀ ga jù ni ẹ ó máa lò lọ.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn àti kí ẹ tó jẹun, ẹ tún ṣe é lálẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ méje ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó wá. A ó yọ ti ọjọ́ kìíní sílẹ̀, a ó kó ìyókù pọ̀, a ó wo ohun tó jẹ́ ní ìpíndọ́gba. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Àwọn kan máa ń kọ kìkì èyí tó dára kí inú dókítà lè dùn. Inú mi á dùn jù tí ẹ bá jẹ́ kí n rí òótọ́.

Bí ẹ bá rí 160 lójijì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ má fò sókè, ẹ má sì lo oògùn méjì papọ̀. BP máa ń lọ sókè sódò láàárín ọjọ́. Àwọn tó ń wọn BP fúnni ní ọjà tàbí lẹ́yìn ìsìn ń ṣe iṣẹ́ rere, wọ́n ti bá mi rí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀ kò tó láti fi bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ oògùn yín dunjú

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo “oògùn funfun kékeré” àti “èyí tó rí róbótó”. Mo bẹ̀ yín, ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣàárẹ̀ níbi òkú ní ìlú mìíràn, orúkọ ni dókítà ibẹ̀ máa béèrè.

Ẹ má bẹ̀rù bí a bá kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì fún yín. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn yín burú. Díẹ̀díẹ̀ oògùn méjì sábà máa ń fa BP wálẹ̀ ju púpọ̀ nínú ẹyọ kan lọ, wàhálà tí wọ́n ń fà sì máa ń kéré. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, jáde ní 2019. Ó fi hàn pé amlodipine pẹ̀lú oògùn tó ń múni tọ̀, tàbí amlodipine pẹ̀lú perindopril, ń ṣiṣẹ́ ju perindopril pẹ̀lú oògùn tó ń múni tọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí amlodipine fi wà nínú àpò ọ̀pọ̀ yín.

Gbogbo oògùn ló ní ohun tó lè ṣe síni. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹsẹ̀ wíwú yẹn kì í ṣe àmì pé kíndìnrín ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wá fi hàn mí, kí a wò ó dájú. Lisinopril àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ, ẹ lè ti máa ra oògùn ikọ́ láti oṣù yìí wọ oṣù tó ń bọ̀, kó sì jẹ́ oògùn BP ló fà á. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú lẹ́yìn tí ẹ lò ó, ẹ má lò ó mọ́, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn tó ń múni tọ̀, àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó kí ẹ lè sùn lóru. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, máa ń da inú rú níbẹ̀rẹ̀, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, inú á balẹ̀ tó bá yá.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ohun kan wà tí ẹ kì í sọ. Bí nǹkan ọkùnrin kò bá ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ máa ń dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ á dé. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra wọn ń fa àìlera yìí, àwọn oògùn kan náà sì lè dá kún un. A lè pààrọ̀ oògùn. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ ọ́ níwájú ìyàwó tàbí ọmọ, ẹ ní kí wọ́n jáde díẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tó ṣì lè lóyún, lisinopril, losartan àtàwọn ẹgbẹ́ wọn kò dára fún ọmọ inú. Ẹ sọ fún wa kí oyún tó dé, kí a lè fi èyí tó bá oyún mu rọ́pò rẹ̀. Bí oyún bá ti dé lójijì, ẹ má kàn dá gbogbo oògùn dúró, ẹ wá lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ ní kílíníìkì, ẹ lo oògùn BP yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i:

“Màmá, BP yín ga gan-an lónìí o. Ṣé ẹ lo oògùn?”

“Rárá o, Dókítà. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ wò ó ná, kí ẹ rí bó ṣe rí gan-an.”

Ohun tí mo fẹ́ rí ni bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹ kò bá lò ó, mi ò rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ ṣì lè fi omi lo oògùn BP. Oògùn àtọ̀gbẹ ni kí ẹ gbé dání títí ẹ ó fi jẹun.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn lónìí, ẹ má lo méjì lọ́la. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bí ìrun àsùbáà, àdúrà òwúrọ̀ tàbí fífọ ẹnu.

Owó wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé oògùn ti wọ́n. Ohun tí kò dára ni kí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ fo ọjọ́ kejì kí páálí kan lè pẹ́, tàbí kí tọkọtaya máa pín páálí kan lò nítorí pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún wa. Oògùn kan náà lè ní orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn dín owó gan-an, ẹ sáà rí i pé nọ́mbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ẹ tún wo ètò ìlera ìpínlẹ̀ yín. Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìlera Èkó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ sì ṣe ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù ní ètò ìlera. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara le.

Ní ti àgbo, mi ò ní bú ẹni tó ń mu ún. Bàbá mi náà mu ún. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹni tó mọ iye oògùn tó wà nínú ife kan, ti òní lè le ju ti àná lọ, kíndìnrín ló sì ń sẹ̀ ẹ́. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń dà láàmú kò nílò ẹrù mìíràn. Ewúro inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Omi ewúro ife kan lórí oògùn àtọ̀gbẹ lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Ohunkóhun tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ fún mi, mi ò ní pariwo.

Ohun tó ń ba kíndìnrín àwọn ènìyàn mi jẹ́ láìfura ni oògùn ìrora. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam: wọ́n ń gbé BP sókè, wọ́n ń dènà iṣẹ́ oògùn BP, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó ní làkúrègbé á máa rà á lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń po oògùn mẹ́rin márùn-ún pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Ẹ má ra oògùn ọ̀rá yẹn mọ́. Fún ìrora, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú paracetamol, kí ẹ jẹ́ kí a wo orúnkún náà.

Nígbà ààwẹ̀, yálà Ràmàdáánì ni o tàbí ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń lo ínsúlínì, glibenclamide tàbí glimepiride wà nínú ewu kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ wá bá wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. A lè yí àkókò àti iye oògùn padà, a sì lè sọ fún ẹlòmíràn pé kó má gbà á. Ẹ̀sìn méjèèjì yọ̀ǹda fún aláìsàn. Bí ṣúgà bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ lẹ́nu ààwẹ̀, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀.

Bí a bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, ikú kò tíì dé. Ohun tí ara yín kò rí ṣe tó mọ́ ni, a kàn ń fi kún un. Bí iná kò bá sí láti fi í sínú fíríìjì, igò tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ bá tutù. Ẹ fi sínú ike tó dé dáadáa, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ amù, tàbí sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tí ẹ gbé sínú èyí tó tóbi, kí yanrìn tútù wà láàárín méjèèjì. Kò gbọdọ̀ dì, kò gbọdọ̀ rí oòrùn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo abọ́ àti ìkòkò ọbẹ̀

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kan. Kì í ṣe iyọ̀ inú agolo nìkan la ń kà. Màgí tí ẹ ń fọ́ sínú ọbẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Burẹ́dì ní iyọ̀. Núdù, pàápàá jù lọ ohun tó wà nínú ọ̀rá kékeré inú rẹ̀, kún fún iyọ̀. Ẹni tó fi màgí mẹ́rin se ọbẹ̀, tó tún bu iyọ̀ sí i, tó wá sọ fún mi pé òun kì í jẹ iyọ̀, òótọ́ lọ́kàn rẹ̀ ló sọ. Ẹ dín màgí kù sí ìlàjì ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi irú, ata ilẹ̀, aáyù àti àlùbọ́sà gbé ọbẹ̀ náà dúró. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ahọ́n máa ń gbà kó tó mọ́ ọn lára.

Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fà á. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun méjì mìíràn tí wọ́n tún rí: àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé, àti fífi iyọ̀ sí oúnjẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú kò wọ́n tó oògùn. Ẹ gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì.

Fún àtọ̀gbẹ, wọ́n ti bá yín sọ pé kí ẹ máa jẹ àlìkámà àti ògẹ̀dẹ̀ dúdú. Ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Kò sí òkèlè tí kì í di ṣúgà nínú ara: ẹ̀bà, iyán, àmàlà, fùfú, sẹ̀mó, àlìkámà. Bó ṣe pọ̀ tó ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Òkèlè tó tó ẹ̀ṣẹ́ yín kan ti tó. Ẹ pín abọ́ sí mẹ́rin: kí ẹ̀fọ́ gba méjì, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ọ̀kan, kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ọ̀kan. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí ẹ tó kan òkèlè. Ẹ̀wà dára gan-an, kì í jẹ́ kí ṣúgà yára gòkè.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ yín jẹ ni ohun mímu. Igò kóòkì ńlá kan lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ. Mọ́ọ́tì náà ní ṣúgà púpọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Oyin, ṣúgà ni. Èso dára, ẹ jẹ ẹ́ lódindi, ẹ má fún omi rẹ̀ mu.

Ẹ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ó yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Ẹ fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì dín ọtí kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹsẹ̀, ojú, kíndìnrín

Àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ìṣó lè gún èèyàn kó má mọ̀ títí egbò fi rùn. Ní alaalẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, ẹ fi dígí wò ó, tàbí kí ọmọ bá yín wò ó. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, àní nínú ilé. Ẹ fi ìgúnpá wo omi gbígbóná kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má fi abẹ gé èèkánná tàbí ibi tó le. Egbò kékeré tí kò san lọ́jọ́ méjì, ẹ gbé e wá, ẹ má fi epo bẹntiróò tàbí ewé sí i.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí dókítà ojú wo inú ẹyinjú yín, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò fún kíndìnrín. HbA1c, a máa ń ṣe é ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìgbà tí a kì í dúró

Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ rò. Ẹ wo aago, ẹ rántí ìgbà tí ara rẹ̀ dá gbẹ̀yìn, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ CT, èyí tó ń ya àwòrán inú orí. Oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì ní ọpọlọ, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń lò ó. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má da omi, epo pupa tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa lọ. Ẹ má fún un ní aspirin, torí rọpárọsẹ̀ kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ dídì, òmíràn jẹ́ ti iṣan tó bẹ́, ẹ̀rọ CT ló sì ń mọ ìyàtọ̀. Ẹ má fi nifedipine sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀: ó ń fa BP wálẹ̀ lójijì, ọpọlọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó tún máa ní èyí tó kéré sí i.

Bí BP bá jẹ́ 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà ń dunni, tí èémí ń kúrú, tí ojú ṣókùnkùn tàbí tí orí dàrú, ilé ìwòsàn ni, kíá. Bí kò bá sí nǹkan kan tó ń ṣe yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ tún un wọ̀n, ẹ lo oògùn tí ẹ gbàgbé, kí ẹ wá rí wa lọ́jọ́ yẹn.

Bí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ebi ń pa á lódì, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ kọ́kọ́ rò pé ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ẹ fún un ní kúùbù ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí nǹkan bí ìlàjì ife kóòkì tó ní ṣúgà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún fún un. Tó bá ti yá, kó jẹun. Ẹni tí kò mọ ara mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ. Ẹni tó ń bì, tó ń mí jìnjìn kíákíá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ṣúgà rẹ̀ ga, òun náà kì í dúró dọ̀la.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín àti ti ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ. Ẹ mú ìwé BP tàbí ti ṣúgà dání, àti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má bàa gbàgbé nígbà tí ẹ bá rí ẹ̀wù funfun. Ẹ má jẹ́ kí oògùn tán kí ọjọ́ tí a dá tó pé: tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ rán ọmọ lọ ra á.

Ẹ sì mú ọmọ yín kan tó ti dàgbà wá, èyí tó ń se oúnjẹ ilé tàbí èyí tó ń sanwó oògùn. Àìsàn méjèèjì yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Bó bá jókòó, a ó wọn BP tirẹ̀ náà, apá ọ̀tún àti apá òsì.